Bí A Ṣe Ń Dókòwò Sórí Àwọn Iléeṣẹ́ Tó Ń Ṣe Wéfà Sílíkọ́nì: Kíka Ìgbà Ọ̀wọ́n àti Ìgbà Ọ̀pọ̀

Láàárín ọdún 2007 sí 2016, wéfà sílíkọ́nì (àwo tí wọ́n ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà sí lára) tí wọ́n ń tà káàkiri ayé fi nǹkan bí ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Láàárín àwọn ọdún yẹn kan náà, owó tó ń wọlé lórí rẹ̀ já wálẹ̀ láti bílíọ̀nù 12.1 dọ́là sí bílíọ̀nù 7.2. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ sórí iṣẹ́ yìí, ìṣirò méjèèjì yìí ni kó kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó pàdánù níbí kò ṣìnà nípa ọjọ́ iwájú ṣíìpù. Òótọ́ ni pé ayé ń lo ṣíìpù sí i. Ohun tí wọn ò wò ni iye tí wọ́n ń ta íǹṣì onígun mẹ́rin kan nínú wéfà, àti iye fákitọ́rì tí àwọn olùpèsè ń kọ́ lásìkò kan náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń tà, àti ìdí tí kò fi ṣeé yára pọ̀ sí i

Wéfà ni àwo pẹlẹbẹ róbótó tí wọ́n ń ṣe ṣíìpù sí lára. Èyí tó ń mówó wọlé jù fẹ̀ tó mìlímítà 300 láti etí kan dé èkejì, kò sì nípọn ju máíkírómítà 775 lọ, ìyẹn ò tó mìlímítà kan. Ti 200 ṣì ń tà fún ṣíìpù inú ọkọ̀, ti ohun èlò tó ń darí iná mànàmáná àti ti sẹ́ńsọ̀. Ti 150 ń kógbá sílé.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló jẹ́ ká mọ ìdí tí èrè iṣẹ́ náà fi máa ń ga lójijì tó sì máa ń wó lójijì. Wọ́n á kó sílíkọ́nì tó mọ́ gaara sínú ìkòkò tí wọ́n fi quartz ṣe, wọ́n á yọ́ ọ nínú ààrò tí ooru rẹ̀ kọjá 1,414 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n á sì máa fẹ́ gáàsì argon sínú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ mìíràn má bàa dé ibẹ̀. Wọ́n á wá ti èèhù kírísítálì kékeré kan bọ ojú ohun tó yọ́ náà, wọ́n á máa yí i, wọ́n á sì máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n á jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, kò ní ju mìlímítà mélòó kan, kí àbùkù tó bá wà nínú èèhù náà lè parí síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tó jẹ́ kó fẹ̀. Ohun tó máa jáde jẹ́ òpó kan ṣoṣo tó wúwo tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlógíráàmù, tí gbogbo átọ́mù inú rẹ̀ tò síbi kan náà. Bí iná bá lọ tàbí tí ooru bá ṣe ségesège, kírísítálì náà á bà jẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìkòkò quartz ọ̀hún náà á là bó bá ti tutù. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á fi wáyà gé òpó náà sí pẹlẹbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi kẹ́míkà jẹ ojú rẹ̀, wọ́n á dán an títí tí yóò fi dà bíi dígí, wọ́n á fọ̀ ọ́. Fún àwọn oníbàárà kan, wọ́n á tún gbé ìpele sílíkọ́nì tuntun lé e lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní epi.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí olùdókòwò mú níbẹ̀. Èkíní, ààrò, iná, òṣìṣẹ́ àti yàrá tí kò gba eruku ń gba owó, yálà ọjà yá tàbí kò yá. Èkejì, oníbàárà máa ń yẹ wéfà tuntun wò fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbà á sínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ẹni tó bá kọ́lé ló ń rí ọjà tà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀kẹta ló le jù: fákitọ́rì tuntun ń gba nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Àwọn olùpèsè máa ń rí ọ̀wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń ṣe ìpinnu lẹ́ẹ̀kan náà, fákitọ́rì wọn sì máa ń ṣílẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ọ̀wọ́n ọdún 2021. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, SUMCO kéde pé òun á ná bílíọ̀nù 228.7 yẹ́nì lórí ìmúgbòòrò ní Jàpáànù. Siltronic bẹ̀rẹ̀ fákitọ́rì tó tó bílíọ̀nù 2 yúrò ní Singapore. GlobalWafers fi ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lélẹ̀ ní Sherman, ní ìpínlẹ̀ Texas, ní oṣù kejìlá ọdún 2022. Ti Singapore ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ti Texas ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ilé ìkẹ́rùsí àwọn oníbàárà ti kún fún wéfà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ẹni tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé

Iléeṣẹ́ márùn-ún ló di èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà yìí mú, ìwà wọn ò sì jọra.

Shin-Etsu Chemical ti Jàpáànù (Tokyo, nọ́ńbà 4063) ló tóbi jù, ṣùgbọ́n wéfà kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀. Ó tún ń ṣe PVC (ike tí wọ́n fi ń kọ́lé), sílíkónì oníróbà àti kẹ́míkà míì. Ẹni tó ra ìpín rẹ̀ ti ra ọjà ìkọ́lé Amẹ́ríkà mọ́ ọn. SUMCO (Tokyo, 3436) ló sún mọ́ wéfà pọ́ńbélé. Siltronic ti Jámánì (Frankfurt, WAF) náà wéfà nìkan ló ń ṣe, iléeṣẹ́ kẹ́míkà Wacker sì ni nǹkan bí ìdá 30 nínú rẹ̀. GlobalWafers ti Taiwan (6488) dàgbà nípa ríra àwọn míì. Ìyá rẹ̀ ni Sino-American Silicon. SK Siltron ti Gúúsù Kòríà kò sí lórí ọjà ìpín, síbẹ̀ ẹ máa wo ohun tó bá ń kọ́, torí ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń pín jẹ.

Soitec ti ilẹ̀ Faransé (Paris, SOI) dá yàtọ̀. Wéfà alápapọ̀ fún fóònù ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, kò sì yẹ kẹ́ ẹ fi ìṣirò àwọn yòókù wọ̀n ọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ Ṣáínà ń pọ̀ sí i, wọ́n sì kọ́kọ́ ń fa owó wálẹ̀ ní ìwọ̀n 200 àti èyí tó kéré sí i, nítorí ibẹ̀ ni àyẹ̀wò oníbàárà ti rọrùn díẹ̀. Siltronic fúnra rẹ̀ pa iṣẹ́ wéfà kékeré tì ní Burghausen lọ́dún 2025.

Ẹ má ṣe da ti sólà pọ̀ mọ́ èyí. Sílíkọ́nì ni méjèèjì, ṣùgbọ́n oníbàárà, ìwọ̀n mímọ́ àti ẹni tó ń pèsè yàtọ̀ pátápátá. SUMCO gbìyànjú sólà, ó sì jáde lọ́dún 2012 pẹ̀lú àdánù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya tábìlì onílà mẹ́rin

SEMI, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tó wà nídìí iṣẹ́ ṣíìpù lágbàáyé, máa ń gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta-mẹ́ta nípa ìwọ̀n wéfà tí wọ́n kó fún oníbàárà, ní mílíọ̀nù íǹṣì onígun mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń fi owó tó wọlé kún un. Sólà ò sí nínú ìṣirò náà. Ẹ kọ ọdún, ìwọ̀n, owó, kẹ́ ẹ sì fi ìwọ̀n pín owó láti mọ iye tí íǹṣì kan tà. Ohun tẹ́ ẹ máa rí nìyí:

2007: mílíọ̀nù 8,661, bílíọ̀nù 12.1 dọ́là, íǹṣì kan jẹ́ 1.40 dọ́là
2009: 6,707, 6.7, 1.00
2016: 10,738, 7.2, 0.67
2018: 12,732, 11.38, 0.89
2019: 11,810, 11.15, 0.94
2021: 14,165, 12.62, 0.89
2022: 14,713, 13.8, 0.94
2023: 12,602, 12.3, 0.98
2024: 12,266, 11.5, 0.94

Ẹ fi ìka tọ ìlà tó kẹ́yìn láti òkè wá sísàlẹ̀. Àwo 300 kan tóbi tó íǹṣì onígun mẹ́rin 109.6. Pẹ̀lú iye ọdún 2007, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi 153 dọ́là. Pẹ̀lú ti 2016, 73 dọ́là. Pẹ̀lú ti 2024, 103 dọ́là. Gbogbo ìwọ̀n àti gbogbo irú wéfà ló pò mọ́ ìṣirò yìí, nítorí náà kì í ṣe iye orí àtẹ gan-an, àmọ́ ó ń fi ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí hàn.

Nǹkan méjì kan wà nínú tábìlì náà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Lọ́dún 2023, ìwọ̀n tí wọ́n tà já pẹ̀lú ìdá 14, síbẹ̀ íǹṣì kan gbówó lórí sí i. Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2019. Àdéhùn ọlọ́dún pípẹ́ ló fà á, a máa dé ibẹ̀. Èkejì ni ọdún 2024: owó tí ayé ná lórí ṣíìpù lọ sókè láti bílíọ̀nù 526.8 dọ́là sí nǹkan bíi 627.6, ìyẹn ìdá 19, ṣùgbọ́n wéfà tún já pẹ̀lú ìdá 2.7. Ṣíìpù tí wọ́n ń lò fún ọpọlọ àtọwọ́dá wọ́n gan-an, kò sì gba wéfà púpọ̀ tó bí owó rẹ̀ ṣe pọ̀. Ṣíìpù fóònù, ti ọkọ̀ àti ti ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ló ń jẹ wéfà, àwọn wọ̀nyẹn sì ń sùn lọ́dún yẹn. Ẹni tó bá ń ra ìpín iléeṣẹ́ wéfà torí pé ó gbọ́ ìròyìn nípa ọpọlọ àtọwọ́dá ń wo ojú pátákó tí kì í ṣe tirẹ̀. Ibì kan tí ìròyìn náà kan wéfà lóòótọ́ ni mẹ́mọ́rì HBM, èyí tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù ọpọlọ àtọwọ́dá, tó ń gba àyè wéfà ju mẹ́mọ́rì lásán lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka ilé ìkẹ́rùsí oníbàárà

Wéfà kì í tètè bà jẹ́ bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Nígbà ọ̀wọ́n, ẹ̀rù máa ń ba àwọn tó ń ṣe ṣíìpù, wọ́n á máa kó o pa mọ́. Nígbà tí ọjà wọn bá tẹ̀, wọ́n á máa lo èyí tó wà nílẹ̀, àṣẹ tuntun á sì dín kù ju bí iṣẹ́ wọn fúnra rẹ̀ ṣe dín kù lọ. Ìdí nìyí tí wéfà fi máa ń tẹ̀ lé ṣíìpù lẹ́yìn: ṣíìpù ti lè jí fún ọdún kan kí wéfà tó gbúròó.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n: nínú ìwé ìṣirò àwọn tó ń ṣe mẹ́mọ́rì (Samsung, SK hynix, Micron) àti àwọn tó ń ṣe ṣíìpù fún ẹlòmíràn (TSMC, UMC), ẹ mú iye ọjà tó wà nílẹ̀, ẹ fi owó tí ọjà tí wọ́n tà lóṣù mẹ́ta náà ná wọn pín in, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ di 90 lọ́nà. Èsì rẹ̀ ni iye ọjọ́ tí ọjà náà máa pẹ́. Ọjà tí wọ́n ti ṣe tán àti ohun èlò ló pò pọ̀ síbẹ̀. Bí ìwé náà bá ya ohun èlò sọ́tọ̀, òun gan-an lẹ ń wá. Iye ọjọ́ kan ṣoṣo ò sọ nǹkan púpọ̀. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ ni kó sọ̀ kalẹ̀ léraléra fún ìgbà méjì sí mẹ́ta tẹ̀léra.

Àwọn iléeṣẹ́ wéfà náà máa ń dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá àwọn onípìn-ín sọ̀rọ̀. Ẹ máa fi etí sí ìyàtọ̀ láàárín «lílò wéfà ń pọ̀ sí i» àti «àṣẹ ń pọ̀ sí i». Gbólóhùn àkọ́kọ́ lè jẹ́ òótọ́ fún ọdún kan gbáko kí èkejì tó dé.

Ní Taiwan, òfin mú kí iléeṣẹ́ tó wà lórí ọjà ìpín kéde owó tó wọlé lóṣù kó tó di ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, GlobalWafers lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ fi oṣù mẹ́ta wé oṣù mẹ́ta kan náà lọ́dún tó kọjá. Oṣù kan ṣoṣo máa ń fò sókè sódò lásán.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ yẹ àdéhùn ọlọ́dún pípẹ́ wò

Lẹ́yìn ìyà ọdún 2016, àwọn olùpèsè kọ́ ọgbọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá oníbàárà ṣe àdéhùn ọdún mẹ́ta, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí iye owó àti ìwọ̀n ti wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó àsansílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí ló gbé owó íǹṣì kan dúró ní 2023 nígbà tí ọjà ti ń wó.

Àdéhùn náà ń dáàbò boni, kò sì lágbára tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí. Oníbàárà ńlá tí wéfà kún ilé rẹ̀ á bẹ̀ pé kí wọ́n sún ìgbà tí òun máa gbà á síwájú. Olùpèsè kì í fẹ́ ba àjọṣe jẹ́ pẹ̀lú ẹni tó máa tún rà lọ́dún mẹ́wàá tó ń bọ̀, á gbà. Iye owó ò yí padà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ti sá lọ. Bí àdéhùn ìgbà ọ̀wọ́n bá sì parí nígbà ọ̀pọ̀, tuntun á jẹ́ ní owó tó kéré. Ìròyìn burúkú kì í tètè dé níbí, bó bá sì dé, kì í tètè lọ.

Ẹ béèrè mẹ́ta nínú ìwé ọdọọdún: ìdá mélòó nínú ọjà ló wà lábẹ́ àdéhùn, ọdún wo ni èyí tó pọ̀ jù parí, àti èló ni owó àsansílẹ̀ tó kù. Owó àsansílẹ̀ wà lápá gbèsè nínú ìwé dúkìá. Ní ọdún tó wọlé, owó ọwọ́ iléeṣẹ́ náà á dà bíi pé ó búrẹ́kẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń fi wéfà san án padà, ọjà á máa wọ ìwé, owó ò ní máa wọ àpò. Ẹni tó fi owó ọwọ́ ọdún àkọ́kọ́ ṣe òṣùwọ̀n iye tí iléeṣẹ́ tó á san jù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ ṣe ìṣirò bí èrè ṣe ń yọ́

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ àfiṣàpẹẹrẹ kan ṣe é. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ dé góńgó, ó ń ta ọjà tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 1,000. Ohun èlò àti iná tó ń tẹ̀ lé ọjà jẹ́ 350. Ìnáwó tí kì í yẹ̀ jẹ́ 300. Owó tí wọ́n ń yọ lọ́dọọdún fún gbígbó ẹ̀rọ jẹ́ 150. Kí wọ́n tó yọ ti gbígbó ẹ̀rọ, 350 ló kù (èyí ni wọ́n ń pè ní EBITDA). Lẹ́yìn rẹ̀, èrè 200.

Ká ní ìwọ̀n ọjà já pẹ̀lú ìdá 20, tí owó íǹṣì ò yí padà: ọjà 800, ohun èlò 280, ìnáwó 300, EBITDA 220, èrè 70. Ìdá 20 ló kúrò nínú ọjà, ìdá 65 ló kúrò nínú èrè. Ká tún ní owó íǹṣì já pẹ̀lú ìdá 10 lórí ìyẹn: ọjà 720, ohun èlò ò kúrò ní 280, EBITDA 140, a sì ti wọ àdánù 10. Bí fákitọ́rì tuntun bá wá ṣí lọ́dún yẹn, tó fi 100 kún owó gbígbó ẹ̀rọ, àdánù di 110. Iléeṣẹ́ kan náà, ẹ̀rọ kan náà, òṣìṣẹ́ kan náà.

Kì í ṣe àròsọ. Siltronic ta mílíọ̀nù 1,805 yúrò ní 2022, EBITDA rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 672. Ní 2024, ó ta 1,413, EBITDA di 364. Ọjà fi ìdá 22 já, EBITDA fi ìdá 46. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ti 2022 yìí: mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ jẹ́ owó gbà-má-bínú tí GlobalWafers san nígbà tí ètò láti ra Siltronic bà jẹ́. Ẹ yọ irú owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó fi ọdún kan wé òmíràn. Lọ́dún 2022 àti 2023, Siltronic ná ju bílíọ̀nù kan yúrò lọ lọ́dọọdún lórí ìkọ́lé àti ẹ̀rọ. Owó gbígbó ẹ̀rọ wọn ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ti fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́, yálà oníbàárà wà tàbí kò sí.

Gbèsè ló ń pa iléeṣẹ́ nígbà ọ̀pọ̀. Ẹ mú gbèsè, ẹ yọ owó ọwọ́ kúrò, ẹ fi EBITDA ọdún tó burú jù tẹ́ ẹ lè fọkàn yàwòrán pín in. Bí ó bá kọjá mẹ́ta, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí ìpín náà pọ́ọ́kú tó. Ẹ tún wo èyí tó máa tó san láàárín ọdún méjì.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má fi èrè ọdún kan wọ̀n ọ́n

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni ká pín owó ìpín pẹ̀lú èrè ọdún yìí, kó jẹ́ 7, ká sì sọ pé ó pọ́ọ́kú. Ìgbà tí èrè bá ga jù ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí èrè bá kéré tàbí tó di àdánù, ìṣirò náà á jẹ́ 60 tàbí kó má tiẹ̀ ní ìtumọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì máa ń sún mọ́ àsìkò ríra.

Ọ̀nà méjì ló dára jù. Àkọ́kọ́: ẹ wá ìpíndọ́gba ìdá èrè nínú ọjà fún ọdún mẹ́wàá, tí ọdún rere àti búburú bá wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sọ ọjà tí iléeṣẹ́ náà lè tà bí fákitọ́rì rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ dé ìdá 85 di púpọ̀. Ẹ fi owó gbígbó ẹ̀rọ tòní rọ́pò ti àná kẹ́ ẹ tó parí. Bí iye tí ọjà dá lé gbogbo iléeṣẹ́ náà pẹ̀lú gbèsè rẹ̀ kò bá ju ìlọ́po mẹ́wàá èrè yẹn lọ, ó yẹ ká túbọ̀ wò ó.

Èkejì ni iye tí yóò ná ẹlòmíràn láti kọ́ irú rẹ̀. Siltronic ní ìpín mílíọ̀nù 30. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 50 yúrò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ bílíọ̀nù 1.5, ẹ fi gbèsè rẹ̀ kún un. Fákitọ́rì kan ṣoṣo ní Singapore gba bílíọ̀nù 2. Bí ọjà bá ń ta gbogbo iléeṣẹ́ ní iye tó sún mọ́ ti fákitọ́rì kan tuntun, kò sí ẹni tó lórí pípé tó máa kọ́ òmíràn, ìyẹn ló sì ń pèsè ọ̀wọ́n tó ń bọ̀. Lọ́dún 2016, nígbà tí íǹṣì kan jẹ́ 0.67 dọ́là, GlobalWafers ra SunEdison Semiconductor ní mílíọ̀nù 683 dọ́là. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, íǹṣì ti di 0.89.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ríra àti títà

Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta. Ìdá kìíní: nígbà tí ó kéré tán iléeṣẹ́ mẹ́ta nínú márùn-ún bá ti kéde pé àwọn ń dín ìkọ́lé kù tàbí pé àwọn ń sún ẹ̀rọ síwájú, tí ìnáwó ìkọ́lé wọn sì kéré sí owó gbígbó ẹ̀rọ. Ìdá kejì: nígbà tí ọjọ́ ọjà ilé ìkẹ́rùsí bá ti sọ̀ fún ìgbà méjì tẹ̀léra. Ìdá kẹta: nígbà tí ìwọ̀n SEMI bá ga ju ti ọdún tó kọjá lọ fún ìgbà méjì. Ẹ má dúró de ìgbà tí owó íǹṣì kan máa gòkè. Àdéhùn ló ń gbé e kẹ́yìn, nígbà tó bá fi hàn nínú ìwé, iye ìpín ti kúrò níbẹ̀.

Láàárín ìdá kìíní àti ìkejì, ìpín náà ṣì lè já. Siltronic wọ ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2015 ní 30 yúrò, ó bọ́ sí abẹ́ 20 níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, ó sì kọjá 140 ní 2018. Ẹni tó fi gbogbo owó rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí kò sì ní sùúrù ti tà kó tó rí 2018. Nítorí náà, owó tẹ́ ẹ ò ní nílò fún ọdún márùn-ún nìkan ni, ìdá 5 nínú ohun tẹ́ ẹ ní sì ti tó fún iléeṣẹ́ kan.

Títà rọrùn láti mọ̀, ó ṣòro láti ṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tà nígbà tí oníbàárà bá ń san owó àsansílẹ̀ kí wọ́n lè fi àyè sílẹ̀ fún wọn, tí iléeṣẹ́ mẹ́ta bá kéde fákitọ́rì tuntun láàárín oṣù 12, tí ìwé ìròyìn tí kì í sọ̀rọ̀ sílíkọ́nì bá sì ń sọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n wéfà. Èrè máa ṣì máa ga sí i fún ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa ga.

Ẹ má ra ìpín kìkì torí pé ẹnì kan fẹ́ ra iléeṣẹ́ náà pátá. GlobalWafers fi 145 yúrò lọ̀ lórí ìpín Siltronic kọ̀ọ̀kan, àwọn onípìn-ín gbà, ṣùgbọ́n ìjọba Jámánì ò fọwọ́ sí i títí di ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2022 tí gbèdéke pé. Iṣẹ́ yìí ti di ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń jẹ èrè

Dọ́là ni wọ́n fi ń ta wéfà lọ́pọ̀ ìgbà. Yẹ́nì, yúrò àti owó Singapore ni wọ́n fi ń san owó òṣìṣẹ́. Bí yẹ́nì bá lágbára sí dọ́là, èrè SUMCO á dín kù láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà nínú fákitọ́rì. Nínú ìròyìn kọ̀ọ̀kan, ẹ wá iye tí wọ́n sọ pé pàṣípààrọ̀ owó kó wá tàbí kó lọ, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó sọ pé iṣẹ́ dára tàbí kò dára.

Ọdún ìṣirò wọn ò bára mu. Ti Shin-Etsu àti Soitec parí ní oṣù kẹta, ti SUMCO, Siltronic àti GlobalWafers ní oṣù kejìlá. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni kẹ́ ẹ tò síbi kan, ẹ má to ọdún.

Ní Tokyo, ìpín 100 ni wọ́n ń tà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣírò bóyá owó tẹ́ ẹ pín sí mẹ́ta tó ra ẹyọ kan. Lórí owó èrè tí wọ́n ń pín, Jámánì ń yọ ìdá 26.375 lọ́wọ́ àjèjì, Taiwan ìdá 21, Jàpáànù ìdá 15.315. Bí orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti ń san owó orí bá ní àdéhùn pẹ̀lú wọn, díẹ̀ lè padà bọ̀, fọ́ọ̀mù rẹ̀ lẹ sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí gbèdéke tó kọjá.